Ti Ọkùnrin Ń Ru, Ti Obìnrin Ń Fún

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní Ìbàdàn ló ní kí n bá àwọn kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá, lórí bí ọtí àti ìdààmú ṣe ń ba ọkàn obìnrin jẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Ojú ewé mẹ́rin péré. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí rẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sì kọ́kọ́ dá mi dúró.

Ohun tí mo kọ ni pé: "Bí ọkàn bá ń dùn yín, ẹ tètè lọ rí dókítà." Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá aláta kan ní ọjà Bódìjà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, mo kà á sí i létí. Ó ń ṣa tàtàṣé lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Ọmọ mi, bí ọkàn bá ń dun èèyàn, kí ni dókítà fẹ́ ṣe sí i? Ẹni tó ṣẹ̀ mí ni n ó lọ bá." Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́, nítorí ata, kan abẹ́ ọmú òsì rẹ̀. "Ibí yìí ló máa ń fún mi. Àyà ni. Kì í ṣe ọkàn."

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ọkàn ni ibùgbé èrò: ọkàn ẹni a balẹ̀, ọkàn ẹni a fà sí nǹkan, ẹ̀rí ọkàn a máa dá ni lẹ́bi. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ èyí dáadáa. Nínú ìwé Deuteronomi, níbi tí òfin ti ní ká fi gbogbo ohun tó wà nínú wa fẹ́ràn Ọlọ́run, àyà àti ọkàn ni wọ́n kọ tẹ̀lé ara wọn bí ohun méjì: àyà dúró fún èyí tó ń lù, ọkàn dúró fún ẹni inú lọ́hùn-ún.

Àmọ́ bí ẹ bá dé ìdí àtẹ alápatà, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ ní kó gé ọkàn mọ́ ẹ̀dọ̀ àti fùkù, kò sí ẹni tí yóò rò pé ẹ̀mí màlúù lẹ fẹ́ rà. Ẹran pupa, líle, tó ní ihò nínú ni yóò gé fún yín. Nítorí náà, ọkàn kò ṣẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ẹnu aláìsàn ni kò ti bá a mu. Mo wá pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Níbi tí mo bá ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ẹran náà, ọkàn ni mo kọ. Níbi tí mo bá ti ń sọ ohun tí èèyàn ń mọ̀ lára, mo kọ àyà.

Obìnrin ló máa ń jìyà jù bí a bá da méjèèjì pọ̀. Bí àrùn ọkàn bá kọ lu obìnrin, yàtọ̀ sí pé àyà lè máa ro ó, èémí rẹ̀ lè máa kúrú, ó lè rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, èébì lè máa gbé e, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n lè máa ro ó. Bó bá wá ní "ọkàn mi ò lélẹ̀", àwọn ará ilé á ní ìrònú ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àbúrò ìyá mi. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, oògùn oorun ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó má ronú mọ́. Ọjọ́ kẹta ni dókítà mìíràn tó fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, tó sì rí i pé apá kan ẹran náà ti ń kú lọ. Orí yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ "ìrònú" ti máa ń bí mi nínú bí wọ́n bá fi dá obìnrin lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì tó fún mi níṣẹ́ ṣe ni akọ àti abo. Àwọn ìwé oníṣègùn ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń pín ọkàn sí ti akọ àti ti abo bí ẹni pín ewúrẹ́. Lédè tiwa, ẹranko àti igi la máa ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé akọ ju ohun tó jẹ́ ti ọkùnrin lọ. Akọ ibà ni ibà tó le. Akọ òkúta ni èyí tí òòlù kò ràn. Bí mo bá kọ "abo àrùn ọkàn", ohun tí etí Yorùbá yóò gbọ́ ni àrùn ọkàn tó rọ̀, tó fúyẹ́, èyí tí àgbo lè wò. Bẹ́ẹ̀ àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń pa obìnrin jù lọ káàkiri àgbáyé. Mo yọ abo kúrò pátápátá. "Àrùn ọkàn lára obìnrin" ni mo kọ. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ó wá kan ọtí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe fẹ̀ tó: ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí à ń fún ọmọdé níbi ìsọmọlórúkọ, ọtí ni, ẹmu, ọtí ni, ògógóró, ọtí ni. Àwọn kan tí a jọ ń túmọ̀ ìwé ìlera máa ń kọ "ọtí líle", èmi náà sì ti kọ ọ́ rí. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ náà, mo bi àwọn ìyá léèrè pé ta ló ń mu ọtí líle. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Mo ní ta ló ń mu bíà, tàbí sítáùtù, tàbí ẹmu, ọwọ́ tó nà sókè lé ní mẹ́wàá. Lójú wọn, ògógóró, jíìnì àti wísikì nìkan ló ń jẹ́ ọtí líle. Gbogbo ìkìlọ̀ tí a ti ń kọ láti ọjọ́ yìí wá ti gba orí wọn kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí là ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. A máa ń sọ pé ọtí ń pa èèyàn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ẹlẹ́rìndòdò ń pa òun. "Ọtí tó ń pani" ni mo wá kọ. Bíà wọlé, ẹmu wọlé, wísikì wọlé. Mo tún ṣírò rẹ̀ fún wọn. Ìgò bíà ńlá tiwa, ti sẹ̀ǹtílítà 60, tí ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ bá jẹ́ èròjà tó ń pani, gbé nǹkan bíi gíráàmù 24 èròjà náà lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gíráàmù 8 ni wọ́n ń pè ní òṣùwọ̀n ọtí kan. Ìgò kan ṣoṣo náà ti di òṣùwọ̀n mẹ́ta nìyẹn. Láti 2016, òṣùwọ̀n 14 lọ́sẹ̀ ni àwọn àgbà dókítà ìjọba ibẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyẹn kò pé ìgò wa márùn-ún.

Kí ló wá dé tí ìgò kan náà fi ń ṣe ìyàwó ju ọkọ lọ? Omi ni. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara obìnrin ni omi. Ti ọkùnrin tó 60 nínú 100. Inú omi ara yìí ni ọtí ń tú sí. Ìyá tó bá fi omi díẹ̀ po ògì mọ̀ pé yóò ki ju ti ẹni tó fi omi púpọ̀ pò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògì kan náà ni. Nítorí náà mo lo "ki": ọtí a máa ki nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin ju bó ṣe ń ki nínú ti ọkùnrin lọ. Ní 1990, Mario Frezza, Charles Lieber àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún ròyìn pé èròjà inú ikùn tó máa ń kọ́kọ́ fọ́ ọtí sí wẹ́wẹ́ kéré nínú àwọn obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà, Urbano-Márquez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona fi hàn pé àwọn obìnrin tí ọtí ti di bárakú fún kò tíì mu tó àwọn ọkùnrin ní gbogbo ayé wọn, síbẹ̀ ọtí ti ba ọkàn wọn jẹ́ bákan náà. Ọkàn bẹ́ẹ̀ á fẹ̀, á sì dẹ̀, bíi rọ́bà ṣòkòtò tó ti gbó. Á máa lù, ṣùgbọ́n kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. "Ọkàn tí ọtí mú dẹ̀" ni mo pè é.

Ọ̀kan wà tí n kò tíì rí orúkọ fún. Ní 1978, Philip Ettinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tí ìlù ọkàn wọn ń dàrú lẹ́yìn àmupara ìparí ọ̀sẹ̀ tàbí ọlidé, wọ́n sì so ọlidé mọ́ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá kọ "ọkàn ọlidé" tàbí "ọkàn ọdún", ijó àti ayọ̀ ni yóò máa dún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé àwọn ìyàrá òkè ọkàn, dípò kí wọ́n máa lù kìkì, ńṣe ni wọ́n ń gbọ̀n rìrì. Ní báyìí, àlàyé yìí ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ìdààmú, a lọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwa sì ní tó mẹ́ta tí kò jọra. Owó ilé ìwé ọmọ tí kò tíì pé, wàhálà ni. Kéèyàn má rí oorun sùn fún oṣù mẹ́ta nítorí rẹ̀, másùnmáwo ni. Kí fóònù dún ní aago mẹ́ta òru, ìpayà ni. Mo fọwọ́ mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe lára kò dọ́gba.

Ibi tí inú mi ti dùn jù nínú iṣẹ́ náà nìyí. Ní Yunifásítì Emory, ní Atlanta, àwọn tó ń ṣèwádìí ní kí àwọn tó ní àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn dìde sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ká wọn lára níwájú olùgbọ́, wọ́n sì ń wo ọkàn wọn. Ní 2018, Samaah Sullivan, Viola Vaccarino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ohun tí wọ́n rí jáde. Láàárín àwọn ọkùnrin, ohun tó bá ebi ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọkàn wọn rìn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ru àti ọkàn tó ń sáré. Láàárín àwọn obìnrin, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń fún. Ru àti fún! Mo gbé bírò sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru la ń sọ láti ọjọ́ yìí, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Fífún ni kò tíì sí nínú ìwé kankan tí mo mọ̀. Ìyá aláta ló kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó ní ata tọ́ka sí i: "Ibí yìí ló máa ń fún mi." Mi ò sọ pé òfin ni o. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin ń ru, òpó ọkùnrin náà lè fún. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ni lápá ní ilé ìwòsàn, ríru ló ń wọ̀n.

Òpó ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ, mi ò kọ iṣan, nítorí ọ̀rọ̀ náà iṣan ti ru ẹrù jù: ó ń ru ti ẹ̀jẹ̀, ó ń ru ti agbára, ó tún ń ru ti okùn ara.

Ìpayà ni mo fi kádìí rẹ̀. Ní 1990, Hikaru Sato àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hiroshima, nílẹ̀ Japan, ṣàpèjúwe àìsàn kan tó máa ń dé lẹ́yìn ìjayà ńlá: ikú òjijì, ìjàǹbá, ìròyìn búburú. Èròjà ìpayà á ya lu ọkàn. Ìsàlẹ̀ ìyàrá òsì á wú roboto, kò ní lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ọrùn rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Òpó ẹ̀jẹ̀ kò dí. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń ṣe, nǹkan bíi mẹ́sàn-án jẹ́ obìnrin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti kọjá ọjọ́ nǹkan oṣù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ará Japan fi ìkòkò tí apẹja wọn fi ń mú ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sọ orúkọ rẹ̀, takotsubo. Gẹ̀ẹ́sì ní ọkàn tó fọ́ ni.

Ọkàn kì í fọ́ lédè wa. Àwo ló ń fọ́. Inú ló ń bàjẹ́, àyà ló ń já, ọkàn a máa gbọgbẹ́. Mo gbìyànjú "ọgbẹ́ ọkàn", ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ lásán ni yóò jọ, a sì tún padà sídìí ìrònú. Mo wá mú àwòrán rẹ̀ lọ sípàdé, mo ní kí wọ́n wò ó. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn gbé e súnmọ́ ojú. "Akèrègbè kọ́ rèé?" Ìsàlẹ̀ roboto, ọrùn tín-ín-rín. Akèrègbè ní í júwe ibi tí a ó ti fi okùn sí i lọ́rùn; èyí náà ti júwe orúkọ ara rẹ̀. Ẹnì kan ní àwọn èèyàn á rò pé ẹmu ló ń fà á, nítorí inú akèrègbè lẹmu ń gbé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, a sì kọ gbólóhùn kan síwájú: ìpayà ló ń fà á, kì í ṣe ẹmu. Láti 1970 tí ètò Ilé-Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá darí ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, kò tún sí ìdí tí "ọkàn-akèrègbè" kò fi ní lè dúró nínú ìwé.

Ìwé náà ti jáde. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ kà báyìí: "Bí àyà bá ń fún yín, tí èémí yín sì ń kúrú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín yẹ ọkàn wò." Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nílé nígbà tí obìnrin bá sọ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ní ìrònú ni. Ẹ wá ọkọ̀.