Àmì Ẹ̀yẹ Tí Kì í Bèèrè Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

Ọdún 1909 ni ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́rin ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀. Ní 1925, ìlú Nijmegen di ojúkò rẹ̀. Kì í ṣe eré ìje. Ẹni tó yá àti ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti rìn ín parí, irú àmì ẹ̀yẹ kan náà ni wọ́n ń gbà: àgbélébùú kékeré. Ọmọ ogun lè fi í kọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oníbúrẹ́dì náà gba irú rẹ̀.

Idẹ ni ti ẹni tó kọ́kọ́ rìn. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, ó lè di fàdákà, kó di wúrà, kí wọ́n sì dé e ládé. Lẹ́tà orúkọ ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìrìn náà nígbà náà ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọ̀hún di ti ọba, wọ́n fi K kún un.

Ogun dá ìrìn dúró láti 1940 sí 1945. Ní oṣù Kejì ọdún 1944, bọ́ǹbù ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ba àárín ìlú Nijmegen jẹ́. Síbẹ̀, wọ́n tún rìn ní 1946. Lójú tèmi, idẹ ọdún yẹn ju wúrà lọ.