Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá Àpapọ̀ Las Vegas

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá yìí ló ń ṣọ́ ìlú Las Vegas àti àwọn àdúgbò Káúńtì Clark tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìlú kankan, ní ìpínlẹ̀ Nevada, Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pa ọlọ́pàá ìlú pọ̀ mọ́ ti ṣẹ́rífù káúńtì. Ìdí rẹ̀ kò farasin: òpópónà Strip, níbi tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ ńláńlá tò sí, tí gbogbo ayé ń pè ní Las Vegas, ẹ̀yìn ààlà ìlú ló wà. Kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀, àlejò tó bá gba ibẹ̀ lọ sí àárín ìlú á ti bọ́ lábẹ́ ọlọ́pàá kan sí ti òmíràn láìfura. Ìlú àti káúńtì ló jọ ń náwó sí i. Ṣẹ́rífù tí aráàlú dìbò yàn ni olórí, Ralph Lamb ló sì kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìbò yìí ló dára jù nínú ètò náà, torí aráàlú lè fi yọ ẹni tí kò bá ṣe dáadáa. Àwọn ìlú Henderson àti North Las Vegas ní káúńtì náà kò dara pọ̀. Wọ́n ṣì ní ọlọ́pàá tiwọn.