Ìròyìn Yàtọ̀ sí Èrò: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Ìwé Ìròyìn Yorùbá

Láàárín àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò Yorùbá wò, àròkọ oníròyìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń fa àríyànjiyàn. A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ kan fún ìwé ìròyìn. Yóò fi gbólóhùn méjì ròyìn, yóò sì fi odidi ojú-ewé kan bá ìjọba wí. Olùyẹ̀wéwò kan yóò fún un ní máàkì púpọ̀ nítorí pé èdè rẹ̀ dán mọ́rán. Ẹlòmíràn yóò ní kò dáhùn ìbéèrè. Èrò tiwa ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Bí a bá kó gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ìròyìn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, kò lè mọ èyí tí a ń béèrè. Ìtàn ìwé ìròyìn Yorùbá fi hàn pé oríṣiríṣi ni wọ́n, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀.

1. Ìròyìn

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S., tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni iye rẹ̀. Ohun tí Townsend ń lépa ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára. Ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìrìn-àjò àwọn òjíṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìlú àti iye tí wọ́n ń ta ọjà wà nínú rẹ̀. Ó ń jáde títí di 1867, nígbà tí Ìfọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta.

Ìbéèrè tí ìròyìn gbọ́dọ̀ dáhùn kò ju mẹ́fà lọ: ta ni? kí ni ó ṣẹlẹ̀? níbo? nígbà wo? báwo? kí ni ó fà á? Ibi tí ó ti ń ṣòro fún àwọn ọmọ wa ni ètò rẹ̀. Ní àṣà wa, ẹni tí ó mú ìròyìn ikú wá kì í kù gìrì sọ ọ́. Yóò kí ará ilé, yóò jókòó, yóò fi òwe yí ọ̀rọ̀ náà ká. Apààlọ́ pẹ̀lú kì í sọ òpin àlọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Òdìkejì èyí ni akọ̀ròyìn òde òní ń ṣe: kókó ọ̀rọ̀ ni ó ń fi ṣíwájú, àlàyé ni ó ń tẹ̀ lé e. Bí a kò bá ṣe àlàyé ìyàtọ̀ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, 'Ní ọjọ́ kan' ni yóò máa fi bẹ̀rẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ olóòtú

Láàárín 1922 sí 1928 ni ìwé ìròyìn Yorùbá rú jáde bí ewé: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Ẹlẹ́tì Ọfẹ ti E. A. Akíntàn ní 1923, Yorùbá News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Àsìkò náà gbóná. Ní 1923 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní 1925 ni ìjọba amúnisìn lé Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí kúrò ní ìlú. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣeé fi ìròyìn nìkan parí. Olóòtú ní láti sọ ibi tí òun dúró sí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ olóòtú fi gba ìdájọ́ tí ìròyìn kò gbà. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ yóò sọ èrò rẹ̀ ní kíá, yóò gbé ìdí kalẹ̀, yóò dá àwọn alátakò lóhùn, yóò sì dábàá ohun tí ó yẹ kí á ṣe. Èébú kì í ṣe ìdí.

3. Lẹ́tà sí olóòtú

Ní 1929, lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú Akéde Èkó. Ó ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó gbà pé ènìyàn gidi ni. I. B. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní 1930 ó di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Déètì, ìkíni sí olóòtú àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó mú kí á gbà á gbọ́. Nítorí náà, àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ni ẹni tí yóò dúró ti ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí lẹ́tà dá lé.

4. Ohun tí ó kàn wá

Ní Ìlọrin níbí, etí ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi mọ ìròyìn Yorùbá, láti orí Rédíò Kwara. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìròyìn Herald tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí ní 1973. Lóde òní, fóònù ti kó ìròyìn, èrò àti àhesọ pọ̀ sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ọ̀rọ̀ híjáàbù mú kí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin. Pé a tì wọ́n, ìròyìn ni. Pé ó yẹ tàbí kò yẹ, èrò ni. Ìlú tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gbé kò gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì jáde nílé-ẹ̀kọ́.

Àbá wa nìyí. Kí ìbéèrè ìdánwò máa dárúkọ oríṣi tí a ń fẹ́. Kí olùyẹ̀wéwò dín máàkì ẹni tí ó ti ìdájọ́ ara rẹ̀ bọ inú ìròyìn, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Ní kíláàsì, kí á fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní ìròyìn, kí wọ́n kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ olóòtú, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yanjú ti kọ́ ju àròkọ lọ.