Ìṣirò Ètò Tó Dára Jù

Ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń wá ètò tí ìnáwó rẹ̀ kéré jù láìrú òfin. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń fi í yan ọjọ́ tí wọn yóò yọ ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe. Àwọn ẹ̀yà kan nínú ẹ́ńjìnnì, bí àwo tó di àwọn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú, ní iye ìgbéra àti ìbalẹ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Bí a bá tètè yọ wọ́n, ìlò tó kù ṣòfò. Bí ẹ́ńjìnnì púpọ̀ bá sì pé ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí a fi ń pààrọ̀ kò ní tó, bàálù yóò dúró sílẹ̀. Ọ̀nà simplex tí George Dantzig gbé kalẹ̀ ní 1947 wà lára ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí.