Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Gun Òkè Tútù

Ní Lokogoma, ní ìhà gúúsù ìlú Àbújá, níbi tí ọgbà ilé ti tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé láti Galadimawa títí kan Dakwo, bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì ti bo àwọn òkè àyíká mọ́ wa lójú, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń gbòde lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò tí Ọlọ́run ṣíjú àánú wò kò ju ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi ọdún lọ: ẹnì kan a ní Jọ́ọ̀sì ni òun ń lọ, ẹlòmíràn a ní Obudu, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kàwé lókè òkun a sì máa dárúkọ Hakuba àti Niseko, àwọn òkè Jàpáànù tí òjò dídì ń bò, bí ẹni pé Kẹ́fí ni wọ́n ń dárúkọ. Àwọn àgbàlagbà inú wa a máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní kí ni ènìyàn fẹ́ fi òtútù ṣe tí yóò fi owó rà á. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Jàpáànù kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ti rò. Kenzo Tange, ayàwòrán-ilé ará Jàpáànù tí ó ya gbọ̀ngàn eré ìdárayá ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ti ọdún 1964, ni ó ya àwòrán àárín gbùngbùn Àbújá, lẹ́yìn tí òfin ọdún 1976 ti sọ ilẹ̀ àwọn Gbàgyí di ti olú-ìlú tuntun. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbéra ní Lokogoma lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láàárọ̀, orí ìlà tí ará Jàpáànù fà ni ó ń tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ tọpinpin ni bí ó ti di àṣà pé kí ènìyàn máa gun òkè tútù lọ sinmi, nítorí bí mo ti ń yẹ ìtàn wọn wò tó, n kò rí ọ̀kan nínú àwọn òkè wọ̀nyí tí ó jẹ́ pé ìsinmi ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá mọ òkè dunjú, ṣùgbọ́n ibi ìsádi ni wọ́n fi í ṣe. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé títí dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 kò wá afẹ́fẹ́ tútù wá síbẹ̀. Àpáta tí ọ̀tá kò lè gùn ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìdáǹrè, níbi tí odindi ìlú ti wà lórí àpáta. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ará òkè sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tayọ̀tayọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń pọn omi gòkè lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kì í pe òkè ní ibi ìsinmi.

Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ sọ òkè di ibi ìtura ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí, ìbẹ̀rù ibà ni ó sì lé wọn débẹ̀. Lẹ́yìn tí Ronald Ross ti fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti wá wo ẹ̀fọn Freetown ní ọdún 1899, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé sórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú náà, wọ́n pe ibẹ̀ ní Hill Station, wọ́n sì la ọ̀nà rélùwéè gòkè lọ síbẹ̀ ní ọdún 1904, kí òṣìṣẹ́ òyìnbó lè sọ̀ kalẹ̀ wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí ó sì ti gòkè padà kí ẹ̀fọn alẹ́ tó jáde. Aláwọ̀dúdú kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ọmọ Òkú, ìran Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí dókítà àti lọ́yà ti pọ̀ láàárín wọn nígbà náà, dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wo ọkọ̀ ojú irin bí ó ti ń pọ́nkè lọ.

Jọ́ọ̀sì ni ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, òru oṣù Ṣẹrẹ níbẹ̀ a sì máa mú kí àlejò wá kúbùsù kejì. Àwọn Berom, Anaguta àti Afizere tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ń dáko àchá wọn jẹ́jẹ́, wọ́n fi oró ṣe ọgbà yí agboolé wọn ká, títí di ìgbà tí Ilé-Iṣẹ́ Niger rán H. W. Laws láàárín ọdún 1902 sí 1904 láti tọ ipasẹ̀ tánńganran tí àwọn ènìyàn ń tà lọ́jà dé orísun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òkè kò ti sinmi mọ́. Ní ọdún 1914 rélùwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru. Ní ọdún 1927 rélùwéè ńlá gba Kafanchan wọ Jọ́ọ̀sì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: ọkọ̀ ojú irin kò tíì tutù tán tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété fi ti dé pẹ̀lú ẹrù aṣọ wọn, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, wọ́n bí ọmọ tí ó gbọ́ Haúsá ju bí ó ti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àwọn awakùsà ni àwọn tí ń wá ìtura tó wá: òyìnbó ìjọba wá sinmi ní àdúgbò tí àwọn náà pè ní Hill Station, àwọn míṣọ́nnárì SIM, tí Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà mọ̀ dáadáa nípasẹ̀ Tommy Titcombe, sì ní ilé ìsinmi tiwọn ní Miango.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó wá so Jọ́ọ̀sì àti Jàpáànù pọ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Nígbà tí ọmọ ogun Jàpáànù gba Malaya, tí wọ́n sì gba Singapore ní oṣù Èrèlè ọdún 1942, orísun tánńganran ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì yíjú sí òkè tiwa. Láàárín ọdún 1942 sí 1944, wọ́n fi ipá kó ọkùnrin tí ó tó 100,000 láti àwọn ẹkùn Òkè Ọya lọ wa kùsà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ara wọn kò mọ òtútù, oúnjẹ kò tó wọn, àtíbàbà tí wọ́n ń sùn kò sì dá ọyẹ́ dúró. Àìmọye kú, àìmọye sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Òṣìṣẹ́ wà nínú òòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòòji. Ṣùgbọ́n ní Jọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ni ó wà nínú òtútù, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ sì ń yáná. Inú ilẹ̀ tí wọ́n ń wa náà ni àwọn ère amọ̀ Nok ti jáde, tí Bernard Fagg fi dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọdún 1952. Àwọn kòtò ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ kún fún omi, àwọn àgbẹ̀ sì ń fa omi inú wọn bomi rin kábéèjì àti ànàmọ́ òyìnbó tí à ń rà lọ́jà Àbújá. Rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2001, àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, ni ó lé àwọn arìnrìn-àjò ìsinmi sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òbí tí wọ́n gun òkè Hawan Kibo nígbà èwe wọn ni kò tíì mú ọmọ gba ibẹ̀ rí.

Ti Obudu kò gùn. Màlúù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gòkè: ará Scotland kan, McCaughley, rí orí òkè náà ní ọdún 1949, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1951 ọ̀gbà màlúù ti dé síbẹ̀, ní ibi tí ó ga ní nǹkan bí 1,600 mítà, láàárín àwọn ará Becheve tí ń dáko lórí òkè. Òtútù tí ó tẹ́ màlúù lọ́rùn tẹ́ olówó màlúù náà lọ́rùn, ilé àlejò sì tẹ̀lé e. Ní ìgbà ìjọba Gómìnà Donald Duke ni wọ́n ta okùn irin láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, tí yàrá kéékèèké ń gba orí rẹ̀ kó ènìyàn gòkè. Ibẹ̀ rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba kan bá kọ́, ìjọba tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kì í fojú ọmọ bíbí inú wò ó.

Wàyí o, Jàpáànù. Ọyẹ́ tiwa, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń bọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni ó gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé eruku ni ó ń rù wá fún wa, tí ètè ń là, tí ìyá sì ń fi òrí pa ọmọ lára. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wọ Jàpáànù ní oṣù kan náà ń bọ̀ láti Siberia. Òun náà gbẹ, ó sì tutù ju tiwa lọ lọ́nà tí kò ní àfiwé, ṣùgbọ́n orí òkun ni ó gbà kọjá, ó sì mu omi rẹ̀ ní àmuyó. Nígbà tí ó bá forí sọ àwọn òkè Niigata, Nagano àti Hokkaido, kò lè rù ú mọ́, ó tú u sílẹ̀ ní òjò dídì, mítà lórí mítà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láyé àtijọ́ ojú fèrèsé òkè ni àwọn ènìyàn kan ń gbà jáde nílé. Ìyà ni èyí jẹ́ fún abúlé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ oṣù díẹ̀ ní ìlú ńlá títí oko yóò fi tún ṣeé ro. Ikú pàápàá wà níbẹ̀: ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1902, ọmọ ogun 210 jáde láti Aomori láti kọ́ bí a ti ń la òkè Hakkoda já, òjò dídì dínà mọ́ wọn, 199 nínú wọn ni ó sì kú.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1911, ọ̀gá ológun ará Austria kan, Theodor von Lerch, tí ó wá wo ọmọ ogun tí ó ṣẹ́gun Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn jagunjagun ní Takada bí a ti ń so pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí a ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo tọ́ ara, tí a fi ń yọ̀ sọ̀ láti orí òkè. Iṣẹ́ ogun ni síkì nígbà náà, kì í ṣe eré. Ní ọdún 1912 ó gun òkè Yotei ní Hokkaido, òkè tí àwọn àlejò Niseko ń kọjú sí lónìí. Láti ọwọ́ ológun ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Ní ọdún 1923 àwọn ará Nozawa Onsen dá ẹgbẹ́ síkì tiwọn sílẹ̀, ohun tí ó sì ń lé wọn kúrò nílé tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ń fa àlejò wọlé. Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù wá sí Sapporo ní ọdún 1972, ó wá sí Nagano ní ọdún 1998, ọkọ̀ ojú irin asáré-tete sì ti dé Nagano láti ọdún 1997 nítorí rẹ̀. Nígbà tí owó ń ya bí omi ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ ń kọ́ ibi síkì káàkiri orí òkè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wó, ọ̀pọ̀ di ahoro, irin agbénigòkè sì ń dípata nínú igbó. Àwọn ará Australia ni ó wá fi owó gbé Niseko dìde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òjò dídì kì í ṣe ti aláwọ̀dúdú. Lamine Guèye ti Senegal ti díje nínú síkì ní Sarajevo ní ọdún 1984. Ní ọdún 2018, ní PyeongChang, Ṣeun Adígún, tí ó ti sá eré ìje fífo igi ìdènà fún wa ní London ní ọdún 2012, kó ikọ̀ obìnrin wá pẹ̀lú ọkọ̀ yìnyín, lẹ́yìn tí ó ti fi pákó kan àkọ́kọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Houston, Simidélé Adéàgbò sì dojú délẹ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀.

Bí ará Lokogoma bá wá bi mí léèrè, Nozawa Onsen ni n óò tọ́ka sí. Hakuba tóbi, ibẹ̀ ni wọ́n ti sá eré ìsọ̀kalẹ̀ ti ọdún 1998, ẹni tí ó ti mọ síkì yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nozawa, àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é: ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná 13 ni ó wà fún tẹrú-tọmọ, láìgba kọ́bọ̀, àwọn ará abúlé ni wọ́n sì ń fọ̀ wọ́n ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Orísun kan tí wọ́n ń pè ní Ogama gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá ibẹ̀ fi ń bọ ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀, èéfín ń rú, àlejò sì ń wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà, nítorí ọmọ ìlú nìkan ni ó lè wọlé. Ẹni tí ó bá ti lọ sí Ìkọ̀gòsì rí yóò rò pé òun mọ omi gbígbóná kí ó tó débẹ̀. Bàálù kan kò gbéra tààrà láti Àbújá lọ sí Tokyo. Addis Ababa tàbí Doha ni ènìyàn yóò ti yà, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Tokyo dé Iiyama, kí ó sì gba bọ́ọ̀sì gòkè. Oṣù Ṣẹrẹ àti Èrèlè ni òjò dídì ibẹ̀ ń nípọn jù. Ẹni tí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ó lè kúrò nílé àfi ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, Niseko ni kí ó forí lé, nítorí àríwá ni ó wà, òjò dídì ń tètè kún un. Kí ó sáà mú owó dání, owó ilé àlejò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.