Màlúù Inú Ọ̀rọ̀ Látìn àti Àjẹsára Tiwa

Lédè àwọn ará Róòmù àtijọ́, vacca ni abo màlúù. Ohunkóhun tó bá sì ti ara màlúù wá, vaccinus ni wọ́n ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí vaccine, tí àwọn Faransé rí vaccin, tí àwọn ará Sípéènì rí vacuna, tí àwọn ará Brazil sì rí vacina. Àwa Yorùbá kò fa màlúù náà wọlé. Àjẹsára ni a pe nǹkan náà, mo sì gbà tọkàntọkàn pé orúkọ tiwa yìí ṣe wẹ́kú ju ti Látìn lọ.

Edward Jenner, oníṣègùn kan ní ìlú Berkeley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú màlúù wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará oko ibẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá kó èéwo kékeré kan lára ọmú màlúù, ṣànpọ̀nná kì í mú un mọ́. Lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1796, Jenner mú oje lára egbò ọwọ́ Sarah Nelmes, ọmọbìnrin tó ń fún wàrà, ó sì fi í sójú ibi tó sín lápá James Phipps, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ó fi oje ṣànpọ̀nná gan-an sí ọmọ náà lára. Kò mú un. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1798, variolae vaccinae ló pe àrùn ara màlúù náà, ìyẹn ṣànpọ̀nná màlúù.

Ẹni tó bá mọ gbẹ́rẹ́ sínsín yóò ti rí i pé ohun tí Jenner ṣe kò ṣàjèjì. Kó tó di pé wọ́n bí Jenner rárá, Onesimus, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní Boston, ti sọ fún olówó rẹ̀, Cotton Mather, pé nílé àwọn, wọ́n máa ń fi oje ṣànpọ̀nná sójú ibi tí wọ́n bá gé lára kí àrùn náà má baà pa èèyàn. Nígbà tí ṣànpọ̀nná jà ní Boston lọ́dún 1721, wọ́n lo ìmọ̀ náà. Ó yẹ kí a máa dárúkọ Onesimus nígbàkígbà tí a bá ń dárúkọ Jenner.

Orúkọ tí wọ́n fà yọ lára màlúù yìí dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Lọ́dún 1802, James Gillray, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán àwọn tó gba oògùn Jenner, tí màlúù ń hù lára wọn káàkiri. Lọ́dún 1881, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé tó ti ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún adìyẹ àti àgùntàn, bẹ àwọn oníṣègùn tó péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n máa pe gbogbo wọn ní vaccine, láti fi yẹ́ Jenner sí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn káàkiri ayé láìsí màlúù lẹ́yìn rẹ̀. Kódà, nígbà tí wọ́n yẹ oògùn ṣànpọ̀nná kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1902 wò, ṣànpọ̀nná ẹṣin ni wọ́n rí i pé ó sún mọ́ jù, kì í ṣe ti màlúù.

Àwọn èdè mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Impfung, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wọn ń lò tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá lẹ ẹ̀ka igi kan mọ́ òmíràn kó lè hù. Chanjo ni ti Swahili, láti ara sínsín. Rigakafi ni ti Hausa, ohun tí a ṣe ṣáájú.

Tiwa ń kọ́? Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà kọ́kọ́ lò fún oògùn ṣànpọ̀nná ni bupá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní àpá rẹ̀ lápá títí dòní. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn náà ni bupá ń wò, kò wo iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lóṣù Karùn-ún ọdún 1980 pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ náà kò rí ibi tó máa gbà mọ́. Kí ni à bá fi bupá ṣe lórí oògùn rọpárọsẹ̀, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu?

Àjẹsára gba gbogbo rẹ̀. Kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé ni àwọn oníṣègùn wa ti ń ṣe àjẹsára fún ẹni tí ara rẹ̀ yá, kí májèlé tàbí àìsàn má baà rí i gbé ṣe. A jẹ ẹ́ sí ara de ọjọ́ ewu. Bí oògùn òde òní ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn: ó ń kọ́ ara láti dá àrùn mọ̀ kí àrùn tó dé. Àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun jíjẹ. Ṣé ẹnu la fi ń jẹ oyè ni, àbí ẹnu la fi ń jẹ gbèsè?

Ibi kan ṣì wà tó ń fẹ́ àtúnṣe. Agbára tí ara ní láti kọ àrùn, immunity lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Látìn náà ni gbòǹgbò rẹ̀: immunis ni ẹni tí ìlú yọ̀ǹda kúrò nínú owó orí tàbí iṣẹ́ ìlú. Àwa a máa pe oògùn ní àjẹsára, a sì tún ń pe agbára náà ní àjẹsára. Bí nọ́ọ̀sì bá wá sọ fún ìyá pé àjẹsára ti tán, ṣé oògùn ló tán nílé ìwòsàn ni, àbí agbára tó wà lára ọmọ ló ti dínkù? Èrò mi ni pé kí àjẹsára dúró fún oògùn, kí a máa pe agbára náà ní ààbò ara.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìléwọ́ ìlera, àti ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ má ṣe sọ pé abẹ́rẹ́ lásán ni ìyá ń gbé ọmọ lọ gbà. Abẹ́rẹ́ ibà náà, abẹ́rẹ́ ni. Ẹ pè é ní àjẹsára, kí ẹ sì dárúkọ àrùn tó wà fún.