Káńsù Ìlú ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà
Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọba àtàwọn ìjòyè ló kọ́kọ́ ń bójú tó ètò ìlú. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952 gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà fún káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ní ariwo: owó orí, owó ìsọ̀, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọ̀nà, odò ẹran. Nínú òṣìṣẹ́ káńsù, wolé-wolé tó ń rí sí ìmọ́tótó ni aráàlú mọ̀ jù, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀ ju kánsẹ́lọ̀ lọ. Ó ń yẹ ìkòkò omi wò. Ẹni tí wolé-wolé bá bá tanwíjí nílé rẹ̀ lè dé kóòtù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 tún fi ilé ẹ̀kọ́ kún ẹrù káńsù. Àtúnṣe 1976 ló sọ ìlànà ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà jákèjádò Nàìjíríà.